Mo Ya Ojú Olóṣèlú Jẹun ní Okokomáíkò

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ìyàwó mi ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ jíròrò lórí irú iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ èèyàn kọ́. Mo ní mi ò lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, àga oníke tí wọ́n ń kó jáde níbẹ̀ ò sì gba ìdí àgbàlagbà. Àmọ́ wọn ò yé bẹ̀ mí, mo wá ní ó dáa, màá kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á. Ẹni tí ò bá fẹ́, kó máa tẹ fóònù ẹ̀ lọ. Èmi Lásún, Bàbá Bísí, tí wọ́n mọ̀ sí Lásún Pẹ́ńtà ní gbogbo Okokomáíkò, ló ń sọ̀rọ̀. Kí n máa kọ nǹkan sára pákó, sára ògiri, sára ọkọ̀, iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà rò pé mò ń polówó ẹ̀ fún yín: ẹ má kọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ìfọ́ ni wọ́n bí mi sí. Àbúrò bàbá mi ló mú mi wá sí Ọ̀jọ́ nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà. Mẹkáníìkì ló fẹ́ kí n kọ́, èmi ò sì fẹ́ iṣẹ́ tí ọ́ìlì á máa dà síni lára. Lọ́jọ́ kan, mo rí bàbá kan tó dúró lórí àkàbà létí títì márosẹ̀ tó lọ sí Badagry, tó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan sókè láìfi rúlà wọn nǹkan kan. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lórí lu. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Wọn ò sanwó fún mi, wọ́n ń bọ́ mi, ó tán.

Orúkọ bàbá yẹn ni Ọ̀gá Lékan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀gá. Ẹni tó ń kọ́ yín níṣẹ́ lónìí, ẹ̀ ń pè é ní "brọ́dà," ẹ sì ń bá a jiyàn. Ọ̀gá Lékan kì í pariwo, wọn kì í nani, síbẹ̀ àyà wa máa ń já tá a bá gbọ́ ìró bàtà wọn. Lẹ́tà S nìkan ni wọ́n ní kí n máa kọ fún ìgbà pípẹ́, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn páànù àlòkù. Tí mo bá ti kọ ọ́ kún páànù, wọ́n á rọra wá, wọ́n á wò ó, wọ́n á fi àkísà tútù nù ún dànù, wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ wọn láìsọ̀rọ̀. Tí ọ̀dà bá ṣàn lára iṣẹ́, wọn ò ní jẹ́ kó o fi kẹrosíìnì nù ún. Wọ́n á ní kó o jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fi èékánná ha á. Èékánná mi ò gún títí mo fi gba fúrídọ̀ọ̀mù.

Nígbà tí mo kọ bọ́ọ̀dù mi àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní kí n sọdá títì, kí n lọ dúró lódì kejì, kí n kà á láti ibẹ̀. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìjanikin, kí n wo ìta láti ojú fèrèsé, kí n wá sọ ohun tí mo rí kà. Ìdajì ni mo rí kà kí bọ́ọ̀sì tó kọjá. Wọ́n ní kí n kun gbogbo ẹ̀ ní funfun, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n ní ẹni tó ń kọjá lọ lẹni tá à ń kọ̀wé fún, pé ẹni tó dúró lè béèrè.

Tó bá wá kan ojú èèyàn, ẹyinjú ni wọ́n ní ká máa yà gbẹ̀yìn. Wọ́n ní tó o bá ti fi ẹyinjú sí i, onítọ̀hún á máa wò ẹ́, ọwọ́ ẹ ò sì ní balẹ̀ mọ́ láti ṣàtúnṣe ibi tó kù. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ojú tí mo yà, ojú olóṣèlú ni, nítorí tí ìbò bá ti ń bọ̀, àwọn ni wọ́n máa ń kún ṣọ́ọ̀bù wa. Gbogbo ẹgbẹ́ là ń yà fún. Ọ̀gá Lékan ò gbà ká wọ aṣọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Oníbàárà kan fún mi ní fìlà ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbà kan, mo dé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń yan fanda. Ọ̀gá ṣí fìlà yẹn lórí mi, wọ́n fi nu búrọ́ọ̀ṣì tó kún fún ọ̀dà pupa, wọ́n sì gbé e padà lé mi lórí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìdí tí irun mi fi pọ́n.

Nígbà tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Okokomáíkò, mo fẹ́ Ìyá Bísí, iṣẹ́ sì ń wọlé. Mo kọ orúkọ ilé ọtí fún àwọn tó wà nítòsí Navy Town, mo kọ ti ilé ìwé, mo kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì lóríṣiríṣi. "Ilé yìí kì í ṣe títà," mi ò lè ka iye ògiri tí mo kọ ìyẹn sí ní Ìbà, torí àwọn ọmọ onílẹ̀ ò jẹ́ kí ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí ohun kan tí mo gbé dání fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olóyè kan wà tó ń ta gẹdú, ó fẹ́ du ipò. Láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjanikin, ojú ẹ̀ ni mo yà síbi gbogbo. Ó pín ìrẹsì, ó pín aṣọ, ó pín owó, àwọn obìnrin ń jó níwájú ilé ẹ̀. Ẹni tó ń bá a dù ú jẹ́ hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀dù kan péré ló ní, orí ilẹ̀kùn àlòkù ni mo sì ti yà á fún un. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, hẹdimásítà ló wọlé. Olóyè onígẹdú ò sì ṣe é ní kékeré, ó ṣubú yakata. Mo bi obìnrin kan ní àdúgbò wa, tí mo fojú ara mi rí tó gbé ìrẹsì lọ sílé, pé báwo ló ṣe jẹ́. Ó ní ìrẹsì tí òun jẹ ò mọ ibi tí ìka òun tẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Látìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀ pé owó ni wọ́n fi ń ra ìbò, mo máa ń sọ fún un pé irọ́ ni, pé àwọn èèyàn wa gbọ́n, wọ́n á gba tọwọ́ ẹ, wọ́n á sì ṣe bó ṣe wù wọ́n. Mo máa ń bá wọn jà lé e lórí nídìí tábìlì ọlọ́tí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Àwọn ọmọ kan ní Alábà gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ ràgàjì kan tó ń tẹ àwòrán sórí ọ̀rá. Flẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ojú tí mo máa fi ọjọ́ mẹ́ta yà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde kí omi tó hó lórí iná. Ó ń dán, ó jọ olówó ẹ̀ ju tèmi lọ, mi ò lè parọ́. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan, mo dúró, mo ń wo bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀. Ẹyinjú àti ìpàkọ́, ìgbà kan náà ló ń tẹ̀ wọ́n. Inú bí mi débi pé mi ò kí wọn kí n tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tó ń wá ò ju kí n kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" fún àwọn onílé. Nígbà tó yá, àwọn olóṣèlú ò tiẹ̀ náwó sórí flẹ́ẹ̀sì mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ọ̀kan nínú wọn tí mo lọ bẹ̀ pé kó fún mi níṣẹ́ sọ fún mi ní gbangba pé pósítà kì í dìbò, pé òun ń tọ́jú owó òun de àwọn tó máa dì í. Mo pòṣé, mo ní ó máa rí i.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ti Rónkẹ́ fún yín. Òun nìkan ni obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ń dúró de ilé ìwé gíga nígbà yẹn, ìyá ẹ̀ ní kó má jókòó lásán. Ọwọ́ ẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ. Àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló lọ kà, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìjanikin. Kò fìgbà kan gbàgbé àdúgbò. Ọmọ ta ni ibà ń ṣe, ta ló fẹsẹ̀ gún ìṣó, Rónkẹ́ ni wọ́n á pè tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ó ní àbúrò kan, Ṣadé. Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́sàn-án, Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ilé ìwòsàn ìjọba kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, kò jìnnà sí ilé ọkọ ẹ̀ rárá. Wọ́n gbé e débẹ̀, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu géètì. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní nọ́ọ̀sì kì í wá lópin ọ̀sẹ̀, tó bá sì wá láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti máa ń lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé Ṣadé sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, wọ́n sáré lọ sójú títì. Kò dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Àtòun àtọmọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Rónkẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ó ní òun ò fẹ́ ju nǹkan méjì lọ, kí ilé ìwòsàn yẹn máa wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru, kí nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀. Ó ní òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà alága kánsù títí wọ́n á fi ṣe é. Mo ní kò lówó. Ó wò mí lójú, ó ní ṣebí èmi ni mo máa ń sọ pé owó ò lè ra ìka ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì padà nìyẹn. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ya ojú ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn ẹ̀, mo fi ẹyinjú sí i gbẹ̀yìn, ó sì dára. Mo gbé e sí oríta Ìbà, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọjà. Àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí ò lẹ́nu níbì kankan ló fi dù ú, àmọ́ ní wọ́ọ̀dù wa, kò sẹ́ni tí kò mọ Rónkẹ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ bí Ṣadé ṣe kú. Gbogbo ilé tó bá wọ̀ ló ń sọ fún un pé òun làwọn máa dìbò fún. Mo bá a lọ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn ò purọ́ fún un, èmi mọ̀ wọ́n.

A gbọ́ pé ẹgbẹ́ ńlá tó wà lórí àlééfà máa pín owó. Dìbò kó o sebẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ̀rù ba àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé Rónkẹ́. Òun ní kí wọ́n má mikàn, ó ní owó kánsù ni, owó gbogbo wa ni, kí wọ́n gbà á. Ó ní kí n kọ bọ́ọ̀dù tuntun, kí n kọ ọ́ gàdàgbà: "Gba owó wọn, dìbò fún Rónkẹ́." Mo rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ gbé mi. Pupa àti dúdú ni mo fi kọ ọ́. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lè kà á tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti di orin lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn ọlọ́kadà á kí ara wọn pé "Gba owó wọn," èkejì á dáhùn pé "Dìbò fún Rónkẹ́." Látọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé sára pákó, mi ò rí èyí tó wọ ẹnu aráàlú bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé a ti pa wọ́n.

Ẹgbẹ́ ńlá yẹn ò fọ́ bọ́ọ̀dù náà, wọn ò sì fi ọ̀dà bà á jẹ́. Bàbá Tísà ni wọ́n rán.

Bàbá Tísà kì í ṣe jàǹdùkú o. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn ni wọ́n kọ́ ìdajì àdúgbò wa ní A B D. Mùsùlùmí ni wọ́n, àmọ́ tí Kírísítẹ́nì bá ń sọmọ lórúkọ, wọ́n á wà níbẹ̀, tí wọ́n bá sì gbàdúrà fún ọmọ, inú ìyá ọmọ á dùn. Ní ọ̀sẹ̀ ìbò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kiri ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mu omi. Wọ́n á ní ẹgbẹ́ àwọn ní kí àwọn kí ilé. Wọn ò ní nawọ́ owó síni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé e sáàárín àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n á ní kí gbogbo ará ilé gbé ọwọ́ lé e, wọ́n á wá máa gbàdúrà. Wọ́n á ní owó yìí ò ní bá àìsàn lọ. Wọ́n á ní ọmọ ò ní kú mọ́ ẹ lójú. Wọ́n á ní bí ìdílé ẹ ṣe ń ṣàṣeyọrí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹ ò ní ṣìnà lọ́jọ́ ìbò, ibi tá a jọ fẹnu kò sí ló máa tẹ̀. Gbogbo ilé á ṣe àmín. Nígbà náà ni wọ́n á tó fún wọn lówó, wọ́n á dìde, wọ́n á bọ́ sí ilé kejì.

Wọ́n dé ilé mi. Mi ò sí nílé, Ìyá Bísí ló gbà wọ́n lálejò. Nígbà tí mo dé, kò fi pa mọ́ fún mi. Ó ní Bàbá Tísà wá, àwọn sì gba owó wọn bí bọ́ọ̀dù mi ṣe wí. A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ó fi ra ẹja, mo jẹ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kẹta tó ń bá wa du ipò náà gbé jíìpù wá sí oríta, wọ́n ń fọ́n owó láti ojú fèrèsé. Àwọn èèyàn ń du owó mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bàtà já, aṣọ ya. Wọ́n kó o sápò, wọ́n gbọn eruku ara wọn, wọ́n sì wá tò sórí ìlà. Èmi ni mo ṣojú Rónkẹ́ níbi tí a ti ń dìbò ní àdúgbò wa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kò sẹ́ni tó yọjú wo ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Páálí tí wọ́n fi dínà bò wọ́n dáadáa, kò sẹ́ni tó fi fóònù ya ìwé ìbò ẹ̀. Bàbá Tísà ò tiẹ̀ sún mọ́ wa, iwájú ilé wọn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Kálukú nìkan ló wà lẹ́yìn páálí yẹn pẹ̀lú ìka ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ kọ́kọ́ mọ́, àwọn kan ń ṣẹ́jú sí mi. Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn tó ń jáde ò wojú mi mọ́. Mo rò pé oòrùn ni.

Wọ́n da ìwé ìbò sílẹ̀, wọ́n ń gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo orúkọ ẹgbẹ́. Àwọn oníjíìpù ò rí nǹkan kan mú, àfi bí ẹni pé wọn ò wá. Àmọ́ ẹgbẹ́ Bàbá Tísà ni wọ́n ń pè, wọ́n tún pè é, wọ́n tún pè é. Ẹnu ya èmi fúnra mi débi pé mo ní kí wọ́n tún gbé àwọn ìwé yẹn sókè kí n rí i. Wọ́n gbé e. Ìka àwọn èèyàn wa ni. Rónkẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Nígbà tí wọ́n parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìbò, ó sì rọra lọ sílé.

Mo délé, mo bá Ìyá Bísí nídìí iná. Mo bi í pé ta ló dìbò fún. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Bàbá Bísí, mo ti ṣe àmín sí i. Wọ́n fi Bísí gbàdúrà, wọ́n fi àwọn ọmọ ẹ̀ gbàdúrà, mo ṣe àmín. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi ṣí àdúrà yẹn kúrò lórí ọmọ mi?"

Mo ní ṣebí a ti sọ pé kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì dìbò fún Rónkẹ́. Ó ní, "Ẹ ní ká gbà á, a gbà á. Ẹ ò ní ká má ṣe àmín. Báwo ni àgbàlagbà ṣe máa wúre fún mi nínú ilé mi, tí màá dákẹ́?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ sí èmi àti Rónkẹ́ lọ́kàn rárá, bẹ́ẹ̀ ilé àdúrà làwa méjèèjì dàgbà sí. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ káàkiri. Ọlọ́kadà kan sọ fún mi pé ojú Rónkẹ́ ni òun ń wò lọ́kàn nígbà tí òun wọ ẹ̀yìn páálí, àmọ́ ọmọ òun tó ń ṣàìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni Bàbá Tísà dárúkọ nínú àdúrà, ibi tí wọ́n sọ lòun sì tẹ̀ka sí. Ìyá kan bú sẹ́kún nígbà tó rí mi. Wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ sílé Rónkẹ́ bí ẹni pé ọ̀fọ̀ tún ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ o. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n sì fìdí ẹ̀ rẹmi.

Mo máa ń gbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí rédíò tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn pé ṣé owó ń yí èsì ìbò padà àbí kò yí i. Èmi ò mọ ti ibòmíì. Ti àdúgbò wa ni mo mọ̀. Owó tí wọ́n fọ́n láti inú jíìpù ò ra nǹkan kan. Owó Bàbá Tísà ra gbogbo wa. Èyí tó wá burú jù nínú ẹ̀ ni ti ẹ̀yìn ìbò. Tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan bá ní ilé ìwòsàn yẹn ṣì wà ní títì, gbogbo wa la máa ń bínú. Ní báyìí, ẹlòmíì á dáhùn pé kí ló tún kù, ṣebí wọ́n ti sanwó wa. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wọ̀ mí lára. Mo ti tú gbogbo bọ́ọ̀dù mi ká, mo fi pákó wọn dáná. Mo ti pa ṣọ́ọ̀bù tì. Ẹni tó gbà á ń ta ṣájà fóònù àti wáyà níbẹ̀.

Ìbò míì ti ń bọ̀ báyìí. Rónkẹ́ wá sílé mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó tún fẹ́ du káńsẹ́lọ̀, àmọ́ ó ti wọ ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ Bàbá Tísà gan-an. Bàbá Tísà ti di olóògbé, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Mo ní kò sí ọ̀dà nílé mọ́, pé ojú mi ò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kì í ṣe bọ́ọ̀dù ló gbé òun wá, pé Ìyá Bísí lòun wá rí. Ẹ rántí pé ìyá àdúrà ni ìyàwó mi nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn, gbogbo ilé tó yí wa ká ló ti gbé ọwọ́ lé lórí rí. Ohun tí Rónkẹ́ fẹ́ yé mi kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ti fún un lówó tó máa pín. Ó fẹ́ kí Ìyá Bísí máa bá òun wọlé kiri.

Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi. Mo ní ṣé kò tijú ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí i. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ẹ sọ èyí tí ǹ bá ṣe," ló sọ. "Mo fi òótọ́ dù ú, ẹ wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún gbé aboyún kan dé ẹnu géètì yẹn. Àgádágodo yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀."

Ìyá Bísí ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá. Ó jáde síta, ó ti dé fìlà funfun ẹ̀. Ó bi Rónkẹ́ pé ṣé lóòótọ́ ló máa ṣí ilé ìwòsàn yẹn. Rónkẹ́ ní òun máa ṣí i. Ìyàwó mi ní kó kúnlẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì wa, ó gbé owó tó mú wá sáàárín àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Ìyá Bísí gbé ọwọ́ lé e. Ó gbàdúrà fún un pé kó wọlé. Ó ní owó náà máa rìn ire. Ó ní gbogbo ìka tó bá kàn án ò ní ṣìnà. Mo yíjú sí ògiri, mo di ẹnu mi pinpin. Ó wá ní kò sí aboyún tó máa dé ẹnu géètì yẹn mọ́ tó máa bá àgádágodo níbẹ̀. Ó ní kò sí ìyá tó máa kú sínú kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣe àmín.